Níbo ni mo ti lè rí ìwé kà nípa àwọn obìnrin oníṣẹ́ ọnà?

Akẹ́kọ̀ọ́ Bódìjà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àwọn obìnrin oníṣẹ́ ọnà ni mo ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá mi lé lórí. Mo ti ka àpilẹ̀kọ tí Linda Nochlin, onímọ̀ ìtàn iṣẹ́ ọnà ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1971, níbi tí ó ti ṣàlàyé pé kì í ṣe ẹ̀bùn ni àwọn obìnrin kò ní, bí kò ṣe pé fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ ọnà ní Yúróòpù kò jẹ́ kí wọ́n wọ kíláàsì tí wọ́n ti ń ya ènìyàn níhòòhò, bẹ́ẹ̀ sì rèé, láìkọ́ ìyẹn, kò sẹ́ni tí í di ọ̀gá nígbà náà. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ ilẹ̀ wa ni mò ń wá.

Olùkọ́ Ọnà, Mọ́kọ́lá: Ìwé tí mo máa fi ṣáájú ni Adire Cloth in Nigeria, tí Jane Barbour àti Doig Simmonds jẹ́ olóòtú rẹ̀, tí Yunifásítì Ìbàdàn sì tẹ̀ jáde ní 1971 yẹn kan náà. Kọ́kọ́ wá a lọ sí ilé ìkàwé Kenneth Dike ní yunifásítì náà. Tí o bá dé orí àdìrẹ ẹlẹ́kọ, fara balẹ̀. Àwọn obìnrin ni wọ́n ń fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún ya iṣẹ́ sára aṣọ kí wọ́n tó rì í sínú aró, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn ọkùnrin ló sábà ń gé bátànì sára páànù tí a fi ń tẹ irú àdìrẹ ẹlẹ́kọ kejì. Wo Ìbàdàndùn, irú àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan tí àwòrán òpó gbọ̀ngàn Màpó wà nínú rẹ̀: gbogbo wa la mọ orúkọ aṣọ náà, a kò mọ orúkọ obìnrin tí ó kọ́kọ́ yà á. Ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ mi, nítorí ohun tí wọ́n bá ti pè ní iṣẹ́ ọwọ́ lásán, wọn kì í kọ orúkọ ẹni tí ó ṣe é sílẹ̀.

Òǹkàwé Òkè-Àdó: Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ olùkọ́. Ẹ fi The Bluest Hands kún un, ìwé tí Judith Byfield kọ ní 2002 lórí àwọn aláró Abẹ́òkúta láàrin 1890 sí 1940. Òwò àti gbèsè wọn wà níbẹ̀ pẹ̀lú aró. Ṣùgbọ́n ẹ má fi mọ sórí aṣọ. Àwòrán Ladi Kwali, amọ̀kòkò, wà lẹ́yìn ogún náírà tí a ń ná lójoojúmọ́. Clara Ugbodaga-Ngu, ayàwòrán, sì kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Zaria ní àwọn ọdún 1950, síbẹ̀ àwọn ọkùnrin tí wọ́n jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ni àwọn ènìyàn máa ń dárúkọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Bódìjà: Ẹ ṣeun gan-an. Àdìrẹ mẹ́ta wà nínú àpótí ìyá ìyá mi. Kí n tó lọ sí ilé ìkàwé, n óò kọ́kọ́ bi wọ́n pé ta ni ó ya wọ́n.