Ṣé lóòótọ́ ni pé obìnrin nìkan ló ń ṣojú wa l'Ábújá tẹ́lẹ̀?

ỌmọÀpòmù: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Bàbá mi ní láti 1999 títí di 2023, obìnrin ló ń ṣojú àgbègbè Ayédàádé, Ìrẹ́wọlé àti Ìsọ̀kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun nílé aṣojú-ṣòfin. Mo ní irọ́ ni. Ta ló jàre?

Ìyá Onídòdò: Bàbá ẹ jàre. Létí títì Ìkirè níbí ni mo ti ń din dòdò, èyí tó dúdú, tó sì ta lẹ́nu. Lọ́jọ́ tí Patricia Etteh, ọmọ Ìkirè wa, di olórí ilé aṣojú-ṣòfin ní June 2007, rédíò ni mo ń gbọ́ tí dòdò inú epo fi jóná mọ́ mi lọ́wọ́. N ò bínú! Obìnrin kankan ò tíì jókòó lórí àga yẹn rí. Àmọ́ kò pé oṣù márùn-ún. Mílíọ̀nù 628 náírà tí wọ́n fẹ́ fi tún ilé ìgbé ṣe, tí wọ́n fẹ́ fi ra ọkọ̀, ló dá rògbòdìyàn sílẹ̀, ó sì kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní October. Pé wọ́n ń pè é ní onídìrí ló dùn mí jù. Ṣé irun dídì kì í ṣe iṣẹ́ ni?

TísàGbọ̀ngán: Ẹgbẹ́ òṣèlú AD (Alliance for Democracy) ló kọ́kọ́ gbé Etteh wọlé ní 1999 o, kó tó bọ́ sí PDP. Ayọ̀ Omidiran gbà á ní 2011, ó lo sáà méjì. Taiwo Oluga tẹ̀ lé e ní 2019. Ọkùnrin ló wọlé ní 2023.

ỌmọÀpòmù: Mo ti jẹ gbèsè nìyẹn. Ìyá, ẹ bá mi di ọ̀rá dòdò mẹ́ta sílẹ̀, màá yà lọ́jọ́ Sátidé. Ti bàbá ni.