Wọ́n gbà mí síṣẹ́ láàbù tó ń wọn májèlé lára ènìyàn: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àbẹ̀ní_SLT
Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. SLT, ìyẹn ìmọ̀ iṣẹ́ láàbù, ni mo kà ní Pólì Ìbàdàn, láàbù tó ń yẹ ibà àti ìtọ̀ wò ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́ ní Mọ́kọ́lá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà mí síṣẹ́ ìwádìí kan. A ó máa wọn òjé nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn mẹkáníìkì àti àwọn tó ń tún bátìrì ṣe, a ó sì máa wá oògùn apakòkòrò nínú ìtọ̀ àwọn àgbẹ̀. Kí ni kí n kọ́kọ́ mọ̀? Ẹ̀rù ń ba ọkọ mi pé májèlé yẹn á wọ̀ mí lára, a sì ń wá ọmọ lọ́wọ́.

Akin_AAS
Kú oríire o, Àbẹ̀ní. Ó ti pé ọdún 11 tí mo ti wà nídìí AAS, ẹ̀rọ tó ń wọn irin bí òjé. Òjé tí à ń wá kéré gan-an ni. Láti 2021, 3.5 microgram nínú dẹsilítà ẹ̀jẹ̀ kan ni CDC, àjọ ìlera ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fi ń dá ọmọdé tí òjé ara rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ mọ̀. Eruku tó bà sínú ìgò rẹ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tó kọjú sí títì la ti máa ń ṣí ìgò. Nígbà tí a ka blank, ìyẹn ìgò tí kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan nínú rẹ̀, ásíìdì àti omi lásán, òjé wà níbẹ̀! Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì la dà nù. Ká ní a kò ka blank yẹn ni, à bá ti kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn olùkọ́ tí a fi ń wé àwọn mẹkáníìkì náà ní òjé lára.

Nítorí náà, rẹ ìgò àti ìdérí sínú ásíìdì náítríìkì 10% mọ́jú, fi omi tí wọ́n ti yọ gbogbo iyọ̀ inú rẹ̀ ṣàn wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí o sì bò wọ́n bí wọ́n ṣe ń gbẹ. Má lo pure water, má lo omi kànga. Bí ọ̀gá bá ní kí o fo blank torí pé ásíìdì wọ́n, má gbà.

Ìyá_Ìbejì_Mọ́níyà
Ẹ̀jẹ̀ gbígbà ni tèmi. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti omi fọ apá kí ẹ tó fi spirit nù ún. Ẹ má gbà á nínú ṣọ́ọ̀bù. Ìgò EDTA, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ni kí ẹ lò, kí ẹ sì wọn ẹ̀jẹ̀ náà lódindi, torí inú sẹ́ẹ̀lì pupa ni òjé ń fara pamọ́ sí.

Ẹ béèrè tìróò pẹ̀lú! Ní 2011, wọ́n rí òjé lára ọmọ oṣù mẹ́fà kan ní Boston. Tìróò tí wọ́n mú wá láti Nàìjíríà ni wọ́n ń lé fún un, òjé inú rẹ̀ sì lé ní 80 nínú 100. Bí ẹ kò bá béèrè, ṣọ́ọ̀bù lẹ máa di gbogbo ẹ̀bi lé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ fún wọn lésì. Bọ̀dá kan sọ fún mi pé, "Àwọn tó gba ẹ̀jẹ̀ wa níjọ́sí, a ò rí wọn mọ́." Ó dùn mí títí dòní.

Táíwò_Ọ̀jọ̀ọ́
Ti ìtọ̀ ńkọ́? Oògùn apakòkòrò bíi DDVP kì í pẹ́ lára, kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tó fi ń bá ìtọ̀ jáde. Kọ ìgbà tí àgbẹ̀ fín oògùn kẹ́yìn àti wákàtí tó tọ̀. Wọn creatinine, ìdọ̀tí tí ara máa ń tú sínú ìtọ̀, mọ́ ọn, torí ìtọ̀ ẹni tó mumi púpọ̀ á là, májèlé inú rẹ̀ á sì dà bíi pé kò tó nǹkan. Pín sáńpù sínú fírísà méjì. Ọdún Kérésì kan ni dísù tán nínú jẹnẹrétọ̀ wa, sáńpù oṣù mẹ́ta sì yòrò.

Ṣadé_Sámọ́ńdà
Àbúrò mi, oyún méjì ni mo ní nídìí iṣẹ́ yìí. Òjé tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn kò tó nǹkan tó máa wọ̀ ọ́ lára. Hepatitis B ni kí o ṣọ́ra fún níbẹ̀, gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tó yẹ kí o bẹ̀rù ni standard òjé, ìyẹn omi òjé tí a ti mọ iye rẹ̀ tí a fi ń yẹ ẹ̀rọ wò, tó ń bọ̀ nínú ike kékeré: 1,000 miligíráàmù ló wà nínú lítà rẹ̀ kan. Òjé a máa ti ara ìyá dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú, torí náà sọ fún ọ̀gá rẹ nísinsìnyí pé o ń wá ọmọ, kí ẹlòmíràn máa po standard. Jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ tìrẹ náà kí o tó bẹ̀rẹ̀, kí o lè mọ ibi tí o ti bẹ̀rẹ̀. Ásíìdì ni kí o máa dà sínú omi, má da omi sínú ásíìdì láéláé. Fi kóòtù rẹ sílẹ̀ ní láàbù, má gbé e délé lọ fọ̀.

Àbẹ̀ní_SLT
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti ka ti Àǹtí Ṣadé fún ọkọ mi. Mo pe ọ̀gá náà láàárọ̀ yìí: fèrèsé yàrá wa kọjú sí ibi tí wọ́n ń páàkì ọkọ̀. Ó ní kí n wá lọ́jọ́ Ẹtì, ká jọ tì í pa, ká nu tábìlì, ká sì ṣí ìgò blank márùn-ún síbẹ̀ di ọjọ́ Ajé. Mo máa padà wá sọ iye tó bá kà fún yín.