Ẹ̀yin tọkọtaya tí ẹ ti jọ rìnrìn àjò afẹ́ lọ sí òkèèrè, ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ìyá Kòfo: Ẹ kú ilé o. Oṣù kọkànlá ọdún yìí ni yóò pé ọdún 25 tí èmi àti bàbá Kòfo ti fẹ́ ara wa. Ibi tó jìnnà jù tí a tíì jọ lọ ṣe fàájì ni Òkè Ìdànrè, ọjọ́ kan náà la sì padà wálé. Owó tí a ń dá pamọ́ ti tó nǹkan báyìí. Mo fẹ́ kí a lọ wo ìlú tó jìnnà dáadáa, kì í ṣe ilé ẹbí, kì í ṣe òde ìnáwó. Níbo lẹ lọ? Kí ni ẹ rí?

Àkàndé Mọ́kọ́lá: Dubai la lọ. Oòrùn ibẹ̀ kọjá sísọ.

Àdùkẹ́ Peckham: Ìyá Kòfo, ẹ kú oríire ọdún 25. Èmi àti ọkọ mi lọ sí Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia lórílẹ̀-èdè Bràsíl. A wọkọ̀ òfurufú láti Lọ́ńdọ̀nù, a gba Lisbon kọjá, ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù kìíní la gúnlẹ̀. Òkun ni ọkọ mi bá lọ ní tirẹ̀. Èmi, Pelourinho ni mo fẹ́ rí, àdúgbò àtijọ́ tó wà lórí òkè, tí ilé ibẹ̀ pupa, tí ó yẹ́lò, tí ó búlúù, tí òkúta ojú ọ̀nà ń dán bí ẹni pé wọ́n fi epo pa á. Ọjọ́ kejì la ti jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo fi ìbínú jáde ní hòtẹ́ẹ̀lì, ó ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn, kò fọhùn.

Ní orígun òpópónà kan ni òórùn epo pupa gbá mi nímú. Màmá kan jókòó síbẹ̀, aṣọ funfun láti òkè délẹ̀, gèlè funfun, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, agbada epo níwájú rẹ̀. Odindi àlùbọ́sà kan ń yí nínú epo náà. Ó fi ṣíbí onígi bu ẹ̀wà lílọ̀, ó fi ṣíbí kejì ṣe é róbótó, ó rọra tì í sínú epo. Mo yíjú sí ọkọ mi, mo ní, "Àkàrà nìyẹn!" Màmá gbójú sókè. Ó ní, "Acará. Acarajé." Ó bi mí ibi tí mo ti wá, mo ní Nàìjíríà. Ó ní, "Nagô?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni ma, Yorùbá ni wá. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó nu ọwọ́, ó dìde, ó dì mọ́ mi. Mo sunkún lójú títì níbẹ̀. Ọkọ mi náà ń nu ojú.

Ó la àkàrà náà bí ẹni la búrẹ́dì, ó fi vatapá sí i, ìyẹn ọbẹ̀ ki kan tí wọ́n fi búrẹ́dì, edé, ẹ̀pà àti àgbọn ṣe, ó wá da edé gbígbẹ lé e lórí. Ó ní ṣé mo fẹ́ ẹ ní gbígbóná àbí tútù. Mo ní gbígbóná. Ata ló ń bèèrè!

Bàbá Ìbejì Òṣogbo: Àkàrà tí wọ́n là sí méjì, tí wọ́n rọ ọbẹ̀ sí nínú. Ẹ má pe ìyẹn ní àkàrà fún mi.

Ṣèyí_77: Ó dì mọ́ yín? Ṣé kì í ṣe ọjà ló fẹ́ tà?

Àdùkẹ́ Peckham: Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Ọkọ mi fi owó sílẹ̀, màmá náà sáré gbé e tẹ̀ lé wa.

Alákàrà Sábó: Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ọdún 19 rèé tí mo ti ń din àkàrà. Àlùbọ́sà inú epo tí Àdùkẹ́ sọ yẹn, ìyá mi máa ń jù ú síbẹ̀ kí epo má baà jó. Ta ló lọ kọ́ wọn ní Bràsíl? Wọ́n gbé e lórí lọ ni, nígbà tí wọn ò lè gbé nǹkan mìíràn. Kí wọ́n fi ohun tó bá wù wọ́n sí i.

Ọmọ Pópó Àgùdà: Màmá Sábó, ẹ ṣeun. Tiwa tún gba ibòmíràn yọ. Ní ilé wa ní Èkó, kò sí Jímọ̀ Rere tí a kì í jẹ fùrèjọ́n, ẹ̀wà tí a rò mọ́ àgbọn. Bahia ni àwọn baba ńlá wa ti gbé e padà wá. Lóṣù kìíní ọdún 1835 ni àwọn Mùsùlùmí wa tó wà lóko ẹrú ní Salvador dìde ogun, inú oṣù Ramadan ni. Ogun Malê ni wọ́n ń pè é. Malê yẹn, Ìmàle tí gbogbo wa mọ̀ ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fòòró àwọn ènìyàn wa, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti dòmìnira sì wọkọ̀ padà sí Èkó, àti sí Wídà àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní.

Bàbá Ìbejì Òṣogbo: Èmi ò mọ̀ pé Ìmàle ni Malê o. Ẹ ṣeun.

Ìyá Kòfo: Àdùkẹ́, ta ló wá borí, òkun àbí Pelourinho?

Àdùkẹ́ Peckham: Àwọn méjèèjì, mà. Líìfìtì kan wà níbẹ̀ láti ọdún 1873, Elevador Lacerda, ó ga ní mítà 72, òun ló ń gbé ènìyàn láti ìlú òkè lọ sí ìlú ìsàlẹ̀. Ìsẹ́jú àáyá díẹ̀, o ti dé etí òkun. Ọjọ́ kejì oṣù kejì ni ọdún Yemọja ní Rio Vermelho, àdúgbò kan létí òkun ní Salvador. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí ìlà ti gùn, òdòdó lọ́wọ́ tèwe tàgbà, lọ́fínńdà, dígí, wọ́n ń kó o sínú apẹ̀rẹ̀, àwọn apẹja sì ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sáàárín òkun. Ọkọ mi dúró nínú omi títí dé orúnkún, kò wẹ̀, ó kàn ń wò.

Díákónì Ayọ̀: Onígbàgbọ́ ni yín, ọmọ mi. Kí ló gbé yín dé ìdí Yemọja?

Ọmọ Ẹ̀kìtì: Wíwò kọ́ ni bíbọ, sà.

Díákónì Ayọ̀: Ojú ni ń kọ́kọ́ lọ, kí ẹsẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ọmọ Pópó Àgùdà: Ẹ̀gbọ́n Díákónì, ṣọ́ọ̀ṣì kan wà ní Pelourinho yẹn kan náà, Rosário dos Pretos. Àwọn ènìyàn dúdú ló fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ọ, nígbà tí wọn ò fẹ́ wọn ní ti àwọn òyìnbó. Títí di òní, wọ́n ń lùlù nínú máàsì níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó lọ sọ ohun tí wọ́n rí.

Díákónì Ayọ̀: Ó dáa. Ti ṣọ́ọ̀ṣì yẹn wù mí í rí.

Bísí Túrkì: Ìyá Kòfo, tiwa ni Istanbul. Yàrá tí wọ́n fi hàn wá lórí fóònù kọ́ ni wọ́n fún wa, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri. Ṣùgbọ́n ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń ti apá Yúróòpù lọ sí apá Éṣíà nírọ̀lẹ́. Tíì gbígbóná nínú ife kékeré tí kò létí, ẹyẹ òkun ń fò tẹ̀ lé yín. Mo di ọwọ́ ọkọ mi mú títí ọkọ̀ fi gúnlẹ̀.

Àdùkẹ́ Peckham: Nǹkan kan wà tí mi ò sọ. Wọ́n mú wa lọ sí ilé òrìṣà kan, ìta gbangba ni, ẹnikẹ́ni lè wá. Ìyá àgbàlagbà kan ní kí a jókòó ti òun. Ó kọ orin kan, ó ní Yorùbá ni, ó ní kí a sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún òun. Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. "Omi" nìkan ni mo dá mọ̀, ọkọ mi dá "ilé" mọ̀. Ó ní ìyá òun ló kọ́ òun, ìyá ìyá òun ló kọ́ ìyá òun, pé ẹnikẹ́ni nínú wọn ò mọ ohun tó ń sọ mọ́, àmọ́ wọn ò jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. Ó ń wo ẹnu wa. A ò ní nǹkan kan láti fún un. Ọkàn mi ò tíì kúrò níbẹ̀.

Tíṣà Ìjẹ̀bú: Má jẹ́ kó dùn ọ́ jù, ọmọ mi. Ohùn ló ti lọ. Èdè Potogí kò ní ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ bíi tiwa. Mú ohùn kúrò lára igba, igbá àti ìgbà, wò ó bóyá o máa mọ èyí tí wọ́n ń pè.

Ọmọ Ẹ̀kìtì: Bí ohùn bá ti lọ, Yorùbá kọ́ nìyẹn mọ́, sà.

Tíṣà Ìjẹ̀bú: Kí wá ni? Ta ló tún ni "omi"?

Ìyá Dámi Houston: Àwọn ọmọ mi mẹ́ta, "omi" gan-an wọn ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó nà wá lẹ́gba pé ká má sọ ọ́. Mo ka ohun tí Àdùkẹ́ kọ yìí, mo lọ jókòó sínú mọ́tò.

Alákàrà Sábó: Ìyá Dámi, ẹ bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní. Ẹ fi oúnjẹ bẹ̀rẹ̀.

Bàbá Ìbejì Òṣogbo: Ẹ wá gbọ́ ti oúnjẹ o. Mo bi ọ̀rẹ́ mi tó ti dé Bahia rí. Ó ní ohun tí wọ́n ń pè ní àmàlà Ṣàngó níbẹ̀, ọbẹ̀ ilá ni!

Alákàrà Sábó: Ilá ni ọbẹ̀ àmàlà, Bàbá. Wọ́n rántí ọbẹ̀, wọ́n gbàgbé òkèlè. Ibo ni wọ́n ti fẹ́ rí èlùbọ́?

Ìyá Kòfo: Mo ti ka gbogbo ẹ̀ fún bàbá Kòfo. Ó ní Salvador ni. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà la ní, ṣé a máa gba físà?

Ọmọ Pópó Àgùdà: Bẹ́ẹ̀ ni mà, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì na fóònù sókè lójú títì níbẹ̀, wọ́n já ti ẹ̀gbọ́n mi gbà.

Ìyá Kòfo: Àdùkẹ́, wọ́n ní rìbọ́nnì kan wà tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ọwọ́?

Àdùkẹ́ Peckham: Bẹ́ẹ̀ ni mà, ní ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim. Kókó mẹ́ta ni wọ́n ń ta sí i, fún ohun mẹ́ta tí o fẹ́ lọ́dọ̀ Ọlọ́run, o ò sì gbọ́dọ̀ tú u títí yóò fi já fúnra rẹ̀. Tèmi já lọ́sẹ̀ tó kọjá níbi tí mo ti ń fọ abọ́. Ti ọkọ mi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ṣá, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.