Sáàmù wo lẹ fi ń gbàdúrà lójoojúmọ́? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Aago márùn-ún ni bàbá mi máa ń jí wa sí àdúrà òwúrọ̀, Sáàmù 121 la sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Mo ti ń dá gbé báyìí, síbẹ̀ mi ò jáde rí láìkà á. Èwo ni tiyín, kí ló sì ṣe fún yín?

Awakọ̀ Ìbàdàn: 121 náà ni. "Olúwa yóò pa àlọ àti àbọ̀ rẹ mọ́." Kí n tó yí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ni.

Àbíkẹ́ Ẹ̀gbá: 91 lálẹ́. Ó parí.

Ìyá Ìbejì: Tèmi gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi. Sáàmù 35 ni mo ń kà lé orogún mi lórí, ọdún méjì gbáko. Bí ilẹ̀ bá ti pa, màá dìde, màá tan àbẹ́là, màá bu omi sínú ife, màá wá dárúkọ rẹ̀ síbi tó ti sọ̀rọ̀ àwọn tó ń bá mi jà. Ó dá mi lójú pé òun ló dí mi lọ́nà. Lóru ọjọ́ kan ni gìrì mú Kẹ́hìndé. Ọkọ wa ò sí nílé. Obìnrin yìí ló gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó gbá a mọ́ àyà, ó sáré jáde láìwọ bàtà lọ wá ọ̀kadà. Títí a fi dé ọsibítù, Sáàmù 23 ló ń kà sí ọmọ mi létí. Mò ń gbọ́ ọ. Nígbà tá a padà dé, ife omi yẹn ṣì wà lórí tábìlì.

Awakọ̀ Ìbàdàn: Ìyá Ìbejì, omi bọ́ lójú mi nínú gáréèjì.

Jagunjagun Àdúrà: Ẹ má bínú o, màámi. Ta ló mọ̀ bóyá Sáàmù yẹn ló yí ọkàn ẹ̀ padà?

Ìyá Ìbejì: Ọkàn ẹ̀ ò yí padà, ọmọ mi. Bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Èmi ni mi ò rí i.

Òǹkàwé Àǹgílíkà: Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í ṣà á kà. Ìwé Àdúrà ti pín gbogbo 150 sí ọgbọ̀n ọjọ́, tàárọ̀ tìrọ̀lẹ́. 35 àti 36 ló máa ń bọ́ sí àárọ̀ ọjọ́ keje. Nítorí pé a ń kà á tán ni mo ṣe mọ ẹsẹ̀ 13: ẹni tó ní kí Olúwa bá òun jà yẹn náà ló sọ pé nígbà tí ara àwọn ọ̀tá òun ò yá, òun wọ aṣọ ọ̀fọ̀, òun sì gbààwẹ̀. Ṣé ẹ máa ń kà á débẹ̀, màámi?

Ìyá Ìbejì: Ẹsẹ̀ kẹjọ ni mo ti máa ń pa Bíbélì dé. Ibi tí ìparun ti ń bọ̀ lójijì.

Àbíkẹ́ Ẹ̀gbá: Háà.

Aláṣọ Funfun: Ẹ má torí èyí bú omi o. Láti 1925 tí Kérúbù àti Séráfù ti bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó la ti ń ka Sáàmù sómi. Òun ni ìyá mi fi wẹ̀ wá dàgbà, àwa mẹ́fà.

Àbíkẹ́ Ẹ̀gbá: Ibo ni Dáfídì ti ní ká kà á sómi?

Aláṣọ Funfun: Ibo ló ti ní ká má kà á? Gbogbo ẹ̀ kọ́ ni Dáfídì kọ pàápàá. Ẹ wo àkọlé 90, àdúrà Mósè ni.

Jagunjagun Àdúrà: Bí ọ̀tá bá wà lóòótọ́ ńkọ́? Ṣé ká máa kí i ni? Mo ti rí ohun tójú mi rí nínú ilé bàbá mi, mi ò lè fi 35 sílẹ̀.

Òǹkàwé Àǹgílíkà: Ẹ má fi í sílẹ̀. Ẹ ṣáà kà á parí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ìyá Ìbejì, orogún yín ńkọ́? Ṣé ẹ ti sọ fún un?

Ìyá Ìbejì: Ó wà nílé. A jọ ń gbàdúrà láàárọ̀, Kẹ́hìndé ló ń ka 121 fún wa báyìí. Ọdún kẹsàn-án rèé. Mi ò tíì lè sọ ọ́.

Òǹkàwé Àǹgílíkà: Ọ̀la ni ọjọ́ keje oṣù, màámi.