Owó oṣù físà Skilled Worker: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi ní UK, ẹ kú iṣẹ́ o. Físà Graduate, èyí tí wọ́n ń fún ẹni tó kàwé gboyè níbí, ni mo ń lò ní Leeds. Ọ̀gá mi fẹ́ kí n dúró, àmọ́ £34,000 lọ́dún ni agbára wọn mọ. Láti July 2025, £41,700 ni òfin ń béèrè fún físà Skilled Worker, ìyẹn físà tí agbanisíṣẹ́ fi ń gba àjèjì síṣẹ́. Ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ jẹ́ £33,400 ó kéré tán, fún ọdún mẹ́rin péré, wọ́n sì ń ka ọdún Graduate mọ́ ọn. Ẹni tó ń rí sí ìgbanisíṣẹ́ wa tún ní àfi kí àwọn kọ́kọ́ wá ọmọ onílẹ̀. Òfin yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti 2020 mà! Báwo ni mo ṣe lè sọ fún un láìrí i fín? Ẹ̀yin tí ọdún mẹ́rin yín ti pé, ṣé wọ́n fi owó kún owó yín?