Ẹ̀yin ará Ẹ̀gbá tẹ́ ẹ wà lókè òkun, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe sí yín nílé oúnjẹ níbẹ̀?

IyaOnje_Panseke:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́nà jíjìn, ẹ kú àjò. Mo ní ilé oúnjẹ kan níbí l'Abẹ́òkúta, apá Pánsẹ́kẹ́, kò tóbi púpọ̀ ṣùgbọ́n a dúpẹ́, láfún àti ewédú ni wọ́n mọ̀ wá mọ́, ìrẹsì ọ̀fadà náà wà, tó bá ti di ìparí ọ̀sẹ̀ àyè ìjókòó kì í tó. Láti 2021 tí rélùwéè ti ń gbé èrò láti Èkó wá sí Laderin ni mo ti ń rí oríṣiríṣi àlejò, àwọn tó wá gun Olúmọ, àwọn tó wá ra àdìrẹ n'Ítòkú, àwọn ará Ṣáínà àti Íńdíà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé iṣẹ́ àyíká wa, àti àwọn ọmọ wa tó bá wálé ní Dìsẹ́ńbà. Àwọn ọmọ wa yìí gan-an ló ń ṣàròyé jù. Wọ́n á ní a ò gbé mẹ́nù wá, wọ́n á ní ọmọ tó ń gbé oúnjẹ ò rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní níbi táwọn wà wọn ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí kọ́sítọ́mà. Ọ̀kan nínú wọn jágbe mọ́ ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ débi tí ọmọ náà fi sunkún, ó sì dùn mí wọra, torí kò rí i fín rárá, omi ló gbé wá lẹ́yìn oúnjẹ.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ rèé. Ẹ̀yin náà àjèjì ni yín níbẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe ń gbà yín tẹ́ ẹ bá lọ jẹun níta? Ṣé gbogbo ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín síni lóòótọ́? Kí ni mo lè mú níbẹ̀ tó máa wúlò fún èmi àtàwọn ọmọ mi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ pé "ẹ máa túra ká", ẹ sọ ìdí ẹ̀ fún mi.

OmoLisabi_Houston:
Ẹ kú iṣẹ́ mà, ẹ bá mi kí ọmọ yẹn, ẹ ní kó má bínú.

Ẹ̀rín tí wọ́n ń sọ yẹn, owó wà nídìí ẹ̀ mà. Níbí ní Texas, òfin gba ọ̀gá ilé oúnjẹ láyè kó san dọ́là 2.13 péré fún wétà ní wákàtí kan, láti 1991 ni iye yẹn ti wà lójú kan, nígbà tó jẹ́ pé 7.25 ni iye tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n san fáwọn òṣìṣẹ́ yòókù. Tíìpù táwa tá a wá jẹun bá fi sílẹ̀ ló máa dí ihò tó wà láàárín, tí kò bá dí i ni ọ̀gá máa tó fi kún un. (Kì í ṣe gbogbo ìpínlẹ̀ o, ní California owó wétà ò gbọ́dọ̀ dín sí tàwọn yòókù.) Ìdí nìyẹn tí wétà fi máa wá sọ orúkọ ẹ̀ fún yín, tó máa máa yọjú béèrè bóyá oúnjẹ dùn, omi oníyìnyín ò lówó nínú, bẹ́ ẹ bá sì ti ń jẹun tán lọ báyìí bíìlì ti dé. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé á rò pé wọ́n ń lé òun ni. Tábìlì ni wọ́n fẹ́ kó ṣófo kí ẹlòmíì lè jókòó, kí tíìpù míì wọlé. 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń retí, tẹ́ ẹ bá fi nǹkan tó kéré sí i sílẹ̀ ojú tí wọ́n máa fi wò yín á yàtọ̀.

Èyí tí kò dáa níbẹ̀, àwọn tó ń wálé ní Dìsẹ́ńbà kì í sọ ọ́ fún yín. Ọ̀pọ̀ wétà ló ti gbà lọ́kàn pé àwa dúdú kì í fún èèyàn ní tíìpù, torí ẹ̀ wọn kì í yára dé tábìlì wa. Èmi àti ìyàwó mi ti jókòó síbì kan rí, àwọn tó bá wa níjòókòó gba oúnjẹ, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n lọ, kò tíì sẹ́ni tó bi wá pé kí la fẹ́. Láti 1964 ni òfin ti ní ilé oúnjẹ ò gbọ́dọ̀ fi àwọ̀ tàbí ìlú ẹni yanni jẹ, àmọ́ ta ni wàá gbé lọ sí kọ́ọ̀tù pé ó pẹ́ kó tó gbé omi wá? Ohun tó máa ń dùn mí nìyẹn tí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan tó ti ń gbé irú ẹ̀ mì níbí wá délé tó ń jágbe mọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Adunni_Hamburg:
Ẹ káàsán mà. Ẹni tó bá ní gbogbo òkè òkun ni wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, ẹ ní kó wá sí Jámánì wá jẹun, ojú ẹ̀ á wálẹ̀. Wétà á kí ẹ, á gba ohun tó o fẹ́, á gbé e wá, ó parí. Ọ̀rọ̀ ojú rere ò sí lára iṣẹ́ tí wọ́n gbà á sí. Omi gan-an, rírà ni, tí ẹ ò bá sì sọ̀rọ̀, èyí tó ń hó bíi mínírà ni wọ́n máa gbé wá. Ẹ lè jókòó di ọ̀gànjọ́, wọn ò ní gbé bíìlì wá àyàfi tẹ́ ẹ bá pè wọ́n, torí lójú tiwọn, kéèyàn gbé bíìlì wá láìjẹ́ pé wọ́n béèrè, ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Ṣé ẹ rí i pé ó yí padà sí ti Houston pátápátá! Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sanwó, ẹ̀yin lẹ máa sọ iye tí kó mú, bíìlì lè jẹ́ 27, ẹ ní kó mú 30, tíìpù ti wà nínú ẹ̀ nìyẹn, wọn kì í fi í sórí tábìlì kí wọ́n máa lọ. Òfin owó iṣẹ́ tó kéré jù, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, kan wétà náà bó ṣe kan òṣìṣẹ́ yòókù, kò sẹ́ni tó sọ pé kó máa fi ẹ̀rín wá owó oṣù ẹ̀.

Báwo ni mo ṣe ń mọ èyí tó jẹ́ ìwà wọn àti èyí tó jẹ́ pé torí mo dúdú ni? Tábìlì kejì ni mo máa ń wò. Bí wọ́n bá le mọ́ ará ìlú wọn náà bí wọ́n ṣe le mọ́ mi, mo jẹun mi mo lọ. Tó bá jẹ́ èmi nìkan ni wọ́n ń sọ fún pé kí n kọ́kọ́ sanwó kí n tó jẹun, tàbí wọ́n ní àyè ò sí tí mo sì ń rí àga lófìfo, mo mọ ohun tí mo rí, mi ò sì ní padà síbẹ̀ mọ́ láyé. Mà, ẹ̀yin náà ẹ wò ó bẹ́ẹ̀ nílé. Tí àlejò bá wọlé, ṣé ohun tí ẹ ń ṣe fún ará Pánsẹ́kẹ́ lẹ̀ ń ṣe fún un?

Tunde_Asero:
Èmi ilé ni mo wà, mi ò sì ní gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe àwọn tó ti òkè òkun dé nìkan ló ń jìyà ẹ̀, àwa náà ń jẹ ẹ́. Wọ́n á jẹ́ kéèyàn jókòó pẹ́ títí kí wọ́n tó wá sọ pé ẹran ti tán. Wọn ò ní ṣéńjì. Tíránsífà ò tíì wọlé, kí ẹ dúró lórí ìdúró. Ọ̀gá á máa bú òṣìṣẹ́ lójú èrò tó ń jẹun. Mi ò bá yín wí o mà, mi ò tíì jẹun lọ́dọ̀ yín, àmọ́ ẹ má jẹ́ ká fi tiwọn bo tiwa mọ́lẹ̀.

Mo máa ń wa ọkọ̀ fáwọn ará Íńdíà kan tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́, èmi ni mo máa ń mú wọn lọ jẹun. Nǹkan méjì ló ń bí wọn nínú. Àkọ́kọ́, iye owó máa ń fò sókè tí wọ́n bá ti rí àwọ̀ wọn. Ìrẹsì tí mo rà lánàá, iye míì ni wọ́n á pè fún wọn lónìí, èmi ni mo wà níbẹ̀ tí ojú ń tì. Ẹ kọ iye gbogbo nǹkan sára pátákó, ẹran ẹyọ kan, pọ̀nmọ́, ṣíbí ìrẹsì, kí gbogbo ayé máa rí i, òfin àwọn oníbàárà ti 2018 kúkú sọ pé kí ọlọ́jà gbé iye owó síta. Ìkejì, àwọn kan nínú wọn ò jẹ ẹran rárá, tí wọ́n bá ní àwọn ò fẹ́ ẹran, àwọn olóúnjẹ á yọ ẹran inú ọbẹ̀ kúrò, wọ́n á wá bu omi ọbẹ̀ yẹn náà fún wọn. Ìyẹn kọ́ ni wọ́n ní kẹ́ ẹ ṣe.

IyaOnje_Panseke:
Ẹ ṣeun gan-an ni, Ọlọ́run á tọ́jú yín. Tunde, òótọ́ lo sọ, inú ò bí mi. Pátákó yẹn, mo máa kọ ọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ Houston wọ̀ mí lára, torí níbí èmi tí mò ń tà ni mò ń fún oníbàárà ní ènì, tí mo bá bu ewédú tó kún tán mo ṣì ń fi díẹ̀ lé e, lọ́dọ̀ tiwọn ẹni tó ń rà ló ń fi lé e. Ẹ wá gba ọmọ tí èmi ń sanwó oṣù fún, ẹ fẹ́ kó máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń retí tíìpù, tẹ́ ẹ bá sì jẹun tán ẹ ò fi kọ́bọ̀ sílẹ̀ fún un. Ẹ ẹ̀ rí i pé kò bára mu?

Ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ tó o sọ yẹn ló kù tí mò ń rò, pé àwọn kan ò jẹ ẹran.

Kemi_Leeds:
Mà, ibẹ̀ gan-an ni mo ń bọ̀. Ilé ìdáná ilé oúnjẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí ní Leeds, ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Ti owó, kíá ni mo máa sọ ọ́: wọ́n máa ń fi nǹkan bíi 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún kún bíìlì láwọn ibì kan, tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n yọ ọ́ wọ́n á yọ ọ́, láti October 2024 sì ni òfin ti ní gbogbo tíìpù gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ láìjẹ́ kí ọ̀gá yọ nínú ẹ̀.

Àmọ́ ohun tó wù mí kẹ́ ẹ mú nílẹ̀ yìí, kì í ṣe ẹ̀rín, ìbéèrè kan tí wọ́n ń bi wá ká tó pàṣẹ oúnjẹ ni: ṣé oúnjẹ kan wà tí ara yín kì í gbà? Oúnjẹ mẹ́rìnlá ni òfin kà sílẹ̀, ilé oúnjẹ gbọ́dọ̀ lè sọ èyí tó wà nínú abọ́ kọ̀ọ̀kan, torí àwọn tí ara wọn ò gbà á, kì í ṣe pé wọ́n ń ṣe fáàrí, ọ̀fun wọn lè wú kí wọ́n má lè mí mọ́, ó sì ń pa èèyàn. Nílé, tẹ́nì kan bá ní òun ò jẹ edé, a máa ń sọ pé edé díẹ̀ yìí náà, kí ló lè ṣe. Edé wà nínú ẹ̀fọ́, ó wà nínú ewédú ẹlòmíì, ó wà nínú ẹ̀gúsí, àlejò ò sì lè fojú rí i tó bá ti kúnná.

IyaOnje_Panseke:
Háà! Edé! Mo máa ń lọ̀ ọ́ mọ́ ewédú ni o. Kemi ọmọ mi, èwo ló tún wà níbẹ̀ nínú oúnjẹ tiwa?

Kemi_Leeds:
Edé, ẹja, ẹ̀pà (ẹ wo òróró tẹ́ ẹ fi ń dín ẹran náà), ẹyin, wàrà, sẹ́mò tí wọ́n fi àlìkámà ṣe, àti sóyà, torí àwọn kan ti ń fi sóyà ṣe irú báyìí, ẹ bi ẹni tó ń tà á fún yín. Láfún yín ò ní ìṣòro, ẹ̀gẹ́ ni. Ìgbín náà wà níbẹ̀ o, ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Ẹ bu ewédú díẹ̀ sọ́tọ̀ láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó da edé sí i, kẹ́ ẹ ní ṣíbí tiẹ̀ lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ sì ní kí ọmọ yẹn máa béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá jókòó, àlejò àti ará ilé, kó tó bu ọbẹ̀.