Bíréèkì Ìjàpá mi ti ń mú: àbọ̀ ìbéèrè mi rèé

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìdúró. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni mo béèrè irinṣẹ́ tí mo lè dá fi yọ afẹ́fẹ́ kúrò nínú bíréèkì Ìjàpá mi, Volkswagen 1974: ṣé èyí tó ń fa óìlì bíréèkì àti afẹ́fẹ́ jáde láti ìdí táyà ni, àbí èyí tó ń ti óìlì láti òkè, nínú ike rẹ̀?

Mo kọ́kọ́ yá èyí tó ń fà. Afẹ́fẹ́ ò tán! Ó ń hó nínú rọ́bà ṣáá, óìlì sì ń ṣòfò. Àṣé ẹ̀gbẹ́ nọ́ọ̀tì tí mo tú ní ìdí táyà ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, kì í ṣe inú páìpù ló ti ń jáde. Ẹni tó ṣàlàyé ìyẹn fún mi, ẹ ṣeun gan-an ni.

Mo wá ra èyí tó ń tì. Agbára afẹ́fẹ́ 10 psi péré ni mo fún un, torí ike óìlì tó wà lẹ́yìn sípíà táyà níwájú ti gbó. Ìdérí irinṣẹ́ náà ni kí ẹ yẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó. Bí kò bá bá ẹnu ike mu, kò wúlò. Táyà ẹ̀yìn tó jìnnà jù ni mo ti bẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀, pẹ́dà ṣì ń wọlẹ̀. Ìgbà tí mo sún ṣúù bíréèkì mọ́ dúrọ́ọ̀mù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin (irin róbótó tó ń bá táyà yí, tí ṣúù ń tẹ̀ mọ́ kí ọkọ̀ lè dúró) ló tó le. Ìjàpá kì í dá wọn sún fúnra rẹ̀, ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe nìyẹn. Mo wà á lánàá, ó dúró gbọn-in, inú mi dùn dọ́ba.